Pátákó orúkọ igi tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dúró

Ẹ̀yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ọbáńtokò, níbí ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀ kan wà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àpáta gba ìdajì, igbó gba ìdajì. Wọn ò lè kọ́ kíláàsì síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ò ṣe é gbá níbẹ̀, ni gbogbo ayé bá sọ ọ́ di ààtàn. Ní oṣù Kẹwàá 2023, mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi: mo fẹ́ la ọ̀nà kékeré gba inú igbó yẹn, kí n gbé pátákó orúkọ sídìí igi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa bá mi rìn ín lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo ti fún ẹ. Ejò inú ibẹ̀ náà, mo fi kún un."

Ẹnì kan á ní ṣé kò síbi tí a lè kó àwọn ọmọ lọ wo igi ni. Ó wà. Ọgbà ẹranko wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Álàbàtà. Ibùdó ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà ní Lẹ́kí l'Ékòó ní afárá orí igi tó gùn ní mítà 401. Ṣùgbọ́n owó bọ́ọ̀sì nìkan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òbí lè san án, bí wọ́n bá tiẹ̀ san án. Olúmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ti fi ẹ̀rọ agbénisókè gùn ún. Wọ́n lè sọ fún ẹ láìwòwé pé 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀. Bi wọ́n léèrè orúkọ ewé kan ṣoṣo tó hù lára àpáta náà, wọ́n á máa wojú ara wọn.

Mo ń kọ èyí kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà ná owó tí èmi ti ná dànù.

1. Lílà ọ̀nà

Irinṣẹ́: àdá méjì, ọkọ́ kan, okùn ọ̀rá, téèpù ìwọ̀n oní-mítà márùn-ún, bàtà òjò. Èmi àti Bàbá gáàdì la là á. Ọdẹ ni wọ́n kí wọ́n tó wá máa ṣọ́ ilé-ìwé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta ló gbà wá, láti ìparí oṣù Kọkànlá. Ọ̀nà náà gùn ní mítà 140, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, kí ọmọ méjì lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfara kan koríko.

Ọjọ́ kìíní gan-an ni mo ti gbẹ̀kọ́. Mo ń ṣán igbó bí ẹni tó gba kọngílá, mi ò wòkè. Bàbá pariwo, "Ìyá Ìbejì, ẹ dúró!" Wérepè ló rọ̀ sórí mi, èso rẹ̀ ti gbẹ, irun ara rẹ̀ sì ń fò nínú atẹ́gùn ọyẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Ọrùn mi àti apá méjèèjì, mo họ ara mi títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò tún ṣe kiní kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kó tó kan orúkọ igi kankan, mo ń kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ wo wérepè àti èsìsì lókèèrè títí ojú wọn á fi dá a mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ méjèèjì kò ní bá mi wọ ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ láti ara àpáta, òjò oṣù Kẹta gbá ilẹ̀ pupa ibẹ̀ lọ. A to òkúta sí i ní ìdábùú, ìlà kan ní mítà mẹ́ta mẹ́ta, a dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí omi lè yà sínú igbó. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Òkúta kì í wọ́n l'Abẹ́òkúta.

2. Orúkọ

Ibùdó méjìlá ni mo yàn: èèpín, ìyeyè, ọ̀pọ̀tọ́, ẹlú, akòko, ọ̀pẹ kan tí ẹ̀ga kọ́lé sí, kajú, patanmọ́, àbámọdá, ewúro, ẹfinrin, àti àpáta kan tí aláńgbá máa ń yáàrùn lórí rẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ wo "ọ̀pọ̀tọ́" yẹn dáadáa. Ọdán ni mo kọ́kọ́ kọ. Igi náà tóbi, ó ń ṣe oje funfun bíi ti ọdán, mo bá sọ fún ara mi pé kò tún lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Bàbá ka ìwé tí mo kọ, wọ́n wò mí, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí igi. Èso kéékèèké ló rọ̀ mọ́ ara igi gan-an, ní ìdì ní ìdì, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ẹ̀ka ti yà. "Tíṣà, ọdán kì í so mọ́ ikùn. Ọ̀pọ̀tọ́ nìyí." Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ojúlùmọ̀ kan tó ń kọ́ni l'Álàbàtà. Èsì tó fi ránṣẹ́ padà kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: Ficus sur. Ọ̀pọ̀tọ́ ni. Ficus thonningii ni ọdán. Mo ti kọ́ Primary 4 ní "ọdán" fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀. Mo padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, inú wọn sì dùn jù. Wọ́n fẹ́ràn kí tíṣà ṣì í.

Bàbá náà ló fi ẹlú hàn mí. Mo ti ń kọjá lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá láìmọ̀ ọ́n. Ó fara lọ́ igi àyìnrẹ́ kan, ewé rẹ̀ kò ní ohun tó máa mú ojú ẹni dúró. Àfi kó gbẹ. Ewé tó já bọ́ sílẹ̀ tó sì gbẹ ti dúdú bọ̀rọ̀ bí ìgbà tí aró gbẹ sára ìkòkò. Ìyá ọmọ mẹ́rin nínú kíláàsì mi ń ta àdìrẹ n'Ítòkú. Mo bi àwọn ọmọ náà léèrè ibi tí aró ti ń wá. "Inú àgbá ni, Ántí." Wọn ò parọ́ o. Ohun tí wọ́n ń rí nílé náà nìyẹn: ọ̀pọ̀ aláró ló jẹ́ pé kẹ́míkà inú àgbá ni wọ́n ń rà lónìí. Ṣùgbọ́n ewé tí ìyá ìyá wọn ń gún lódó, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá sóòrùn, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú, ẹ̀yìn kíláàsì wọn ló wà.

3. Pátákó kìíní: ìwé

Mo tẹ orúkọ sórí ìwé, mo fi ọ̀rá bò ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì. ₦400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìlá jẹ́ ₦4,800. Okùn ọ̀rá tí mo fi so wọ́n jẹ́ ₦600. Àpapọ̀: ₦5,400.

Ó rẹwà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà, oòrùn ọyẹ́ bó yíǹkì rẹ̀ títí tí pupa inú rẹ̀ fi lọ tán. Ibi tí mo ti lu ihò okùn ni ìrì gbà wọlé, ìwé wú nínú ọ̀rá bí búrẹ́dì. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí. Ẹ má ṣe é.

4. Pátákó kejì: igi

Oṣù Kejì 2024. Mo ra pákó kan, ₦4,500, káfíńtà gé e sí méjìlá, ó fi ẹyọ igi tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe òpó fún mi ní ₦1,200. Ọ̀dà funfun àti dúdú, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, jẹ́ ₦3,000. Àpapọ̀: ₦8,700.

Káfíńtà kìlọ̀ fún mi nípa ikán. Ó ní kí n fi ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́mù kun ẹsẹ̀ òpó kí n tó rì í. Mo gba lítà méjì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo kùn ún, mo tún da èyí tó kù sínú ihò, mo ní kó lè ran ikán lọ́wọ́ láti gbàgbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ dúró tì mí. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀, béèrè pé, "Ántí, ṣé ọ́ìlì yẹn ò ní pa àwọn kòkòrò tí ẹ ní ká wá máa wò?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kí wọ́n dúró, mo wa ilẹ̀ ihò tí mo ti da ọ́ìlì sí, garawa mẹ́rin, mo kó o sínú àpò, mo gbé e padà fún mẹkáníìkì. Ohun tí òun fi ṣe, mi ò bi í. Ibi tí mo ti ṣìṣe jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kò sì jẹ́ nítorí àìmọ̀. Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí pátákó dúró ni.

Bí mo ṣe yọ ọ́ìlì, ikán dé. Nígbà tí ìsinmi ọdún Àjíǹde fi parí, òpó mẹ́jọ ti di ìyẹ̀fun nínú, ọ̀dà nìkan ló di ara rẹ̀ mú lóde. O kàn fi ìka kàn án ni, ó wọlé.

5. Pátákó kẹta: páànù

Mo lọ bá àwọn tó ń kan òrùlé ní òpópónà kejì, mo ra àgékù páànù alumíníọ̀mù lọ́wọ́ wọn, ₦3,600. Alumíníọ̀mù ni kí ẹ béèrè. Páànù lásán á dípẹtà. Mo gé e sí 20 sẹ̀ǹtímítà níbùú, 15 lóròó. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo kọ́kọ́ fi ń gé e, ìka mi sì mọ̀ ọ́n lára, kí n tó yá àlùmọ́gàjí páànù lọ́wọ́ wọn. Etí ilé-iṣẹ́ ni kó o fi sókè. Ìyókù, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ mílímítà márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ, nítorí ọwọ́ ọmọdé.

Ọ̀dà kì í di páànù tó ń dán mú. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa fi eyín mú. Ó wá sí mi lọ́kàn pé ewé èèpín wà lẹ́yìn kíláàsì, ewé tí àwọn àgbà fi ń ha igbá tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò. Mo ní kí àwọn ọmọ ká a wá, gbogbo wa jókòó, a ń fi ewé ha páànù. Ọ̀rá ara rẹ̀ lọ, ó mọ́ rekete, ṣùgbọ́n kò ha tó bí mo ṣe fẹ́. Mo padà lọ tọrọ ẹyọ sáńdípépà kan lọ́wọ́ káfíńtà. Síbẹ̀, mi ò ka ọ̀sán yẹn sí òfò. Kò sí ọmọ tó wà níbẹ̀ tó tún lè gbàgbé èèpín.

Orúkọ kíkọ: búrọ́ọ̀ṣì kékeré fún lẹ́tà, orí ìṣó tí a tì bọ ọ̀dà fún àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ, àti ṣ, igi ìṣáná fún àmì ohùn. Òbí kan tó wá mú ọmọ rẹ̀ ní kí ni mo ń fi àmì ṣe wàhálà fún. Mo ní kó ka "ope" fún mi kí n gbọ́ bóyá ọ̀pẹ ni mo kọ tàbí òpè. Ó rẹ́rìn-ín lọ.

Ìṣó jẹ́ ₦500. Irin márùn-ún lọ́dọ̀ wẹ́dà fún àwọn ibùdó tí kò ní igi tí a lè fi pátákó sí, ₦1,000. Àpapọ̀ pẹ̀lú páànù: ₦5,100. Ọ̀dà àtẹ̀yìnwá ṣì kù.

Mo gbá ìṣó mọ́ igi. Mo ti gbá a mọ́ mẹ́ta nígbà tí Bàbá dé. Wọn ò bínú. Wọ́n dúró níwájú ọ̀pọ̀tọ́, oje funfun ń ṣàn láti ẹnu ìṣó sórí pátákó mi tuntun, ó ti bo lẹ́tà méjì. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹni tí ẹ ń kọ́ wọn láti fẹ́ràn, ẹ sì ń kàn án níṣòó." Mo fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó.

Fúlùkánáísà tó wà níwájú géètì ló yanjú èyí. Ó ní tíúbù táyà tó ti bàjẹ́ ń dí òun lọ́wọ́. Ẹ gé e ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ lù ú níhò, ẹ so ó mọ́ igi ní gbẹ̀fẹ́. Bí igi bá ń tóbi, rọ́bà á máa fà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, nítorí oòrùn á sán an nígbẹ̀yìn.

Ti ẹlú dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ara àyìnrẹ́ tí ó gùn ni mo so pátákó mọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbọ́ tí ọmọ kan ń fi àyìnrẹ́ han ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹlú nìyí. Mo ya ọfà pupa sí i, tó kọjú sí ìtàkùn.

6. Ìrìn àkọ́kọ́, tó kùnà

Oṣù Kẹfà. Pátákó dúró, orúkọ hàn, mo kó ọmọ mẹ́tàlélógún wọ ọ̀nà. Olúkúlùkù mú ìwé àti bírò. Mo ń retí igbe ìyanu. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo gbọ́, ti ọmọ tó ń dà ìwé kọ. Wọ́n dúró níwájú pátákó, wọ́n ń dà á kọ, wọ́n sáré lọ síbi tó kàn, wọ́n dà á kọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ ti parí. Wọ́n kó ìwé fún mi kí n máàkì.

Mo béèrè pé báwo ni ewé èèpín ṣe rí lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn, àfi àwọn tó bá wa ha páànù. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ mọ́ jù, tó kọ Ficus exasperata láìṣì í, mo mú un lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ níbi tí èèpín mìíràn ti hù. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ántí, kò sí pátákó níbẹ̀."

Ní 1977, UNESCO àti UNEP, àjọ méjì lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe àpérò kan ní Tbilisi, ní Georgia, lórí ẹ̀kọ́ àyíká, wọ́n sì ka ohun márùn-ún tó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà gbìn sínú ènìyàn: ìtanijí, ìmọ̀, ìwà, òye iṣẹ́, àti ìkópa. Mo há a sórí fún ìdánwò nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì gba máàkì tó dára. Ìmọ̀ nìkan ni pátákó mi fún wọn nínú márààrún, ìmọ̀ ọ̀hún sì dúró sínú ìwé dídà kọ. Pátákó ti gba iṣẹ́ ojú ṣe. Bí orúkọ bá ti wà lójú kan báyìí, kí ni ọmọ fẹ́ wo igi fún?

7. Pátákó kẹrin: onílẹ̀kùn

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n fi orúkọ pamọ́. Mo gé páànù kejì, 20 sẹ̀ǹtímítà níbùú, 14 lóròó, mo fi bo ti àkọ́kọ́. Mi ò ra híńjìsì. Tíúbù táyà náà ni: ẹyọ kan tó gùn ní 20, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, rífẹ́ẹ̀tì méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Rífẹ́ẹ̀tì méjìdínláàádọ́ta ní ₦30, ó jẹ́ ₦1,440. Tíúbù, ₦500. Ọ̀dà tuntun, ₦2,500. Àpapọ̀: ₦4,440. Páànù inú àgékù àkọ́kọ́ ló ti wá.

Rọ́bà dára ju híńjìsì lọ níbí. Kì í dípẹtà, kì í ké, ó sì máa ń ti ìlẹ̀kùn padà fúnra rẹ̀.

Sójú ìlẹ̀kùn, mo kọ iṣẹ́ ṣíṣe dípò orúkọ. Èyí ló gba àkókò jù. Ìbéèrè tí ọmọ lè dáhùn láìgbé ojú sókè kò wúlò. Àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní rèé:

Èèpín: "Fi ẹ̀yìn ewé yìí ha èékánná rẹ nígbà mẹ́wàá. Wo èékánná náà."
Ìyeyè: "Wo ilẹ̀. Ta ló ti jẹun níbí kó o tó dé?"
Ọ̀pọ̀tọ́: "Níbo ni igi yìí pọn ọmọ rẹ̀ sí?"
Ẹlú: "Wá ewé tútù kan àti gbígbẹ kan. Aṣọ ta ló jọ gbígbẹ?"
Patanmọ́: "Fọwọ́ kàn án. Máa kà títí yóò fi là padà."
Àbámọdá: "Ọmọ mélòó ló wà létí ewé kan?"
Akòko: "Níbo lo ti rí ewé yìí lórí ènìyàn rí?"
Àpáta: "Dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Aláńgbá mélòó ló mi orí sí ẹ?"
Ọ̀pẹ: "Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ga, òkè ló kọjú sí ni tàbí ilẹ̀?"

Ẹ ó rí i pé mẹ́sàn-án ni. Ewúrẹ́ jẹ ewúro tán dé gbòǹgbò. Ìjì òjò wó kajú. Ẹfinrin, àwọn ìyá àdúgbò ló ká a, díẹ̀díẹ̀, fún ọbẹ̀ ẹja. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ mo rò ó pé nínú gbogbo ènìyàn tó wọ ọ̀nà náà, àwọn nìkan ló mọ ohun tí wọ́n wá mú.

Àbùkù kan hàn lọ́jọ́ kìíní. Ọmọ kì í ka ìbéèrè. Bí ó bá ti rí ìlẹ̀kùn, ó ṣí i, ó rí orúkọ, ó dà á kọ, ó lọ. Gbogbo làálàá mi di eré ìlẹ̀kùn ṣíṣí. Mo gbìyànjú kí n fi ọmọ kíláàsì karùn-ún ṣọ́ ibùdó kọ̀ọ̀kan, ìjà ló dá sílẹ̀. Mo gbìyànjú okùn tí a óò tú kó tó ṣí, wọ́n tú u.

Ohun tó ṣiṣẹ́ kò ná mi ju ọ̀dà lọ. Mo yí orúkọ nípò. Orúkọ igi kìíní, abẹ́ ìlẹ̀kùn igi kejì ló wà. Ti kejì wà lábẹ́ ti kẹta, títí dé òpin, níbi tí mo fi pátákó kan nínú mẹ́ta tó ṣẹ́kù gba orúkọ ìgbẹ̀yìn. Bí o bá ṣí ìlẹ̀kùn níwájú ìyeyè, èèpín lo máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan: "Igi tó ha ẹ́ léèékánná, èèpín ni." Bí o kò bá ha èékánná, ọ̀rọ̀ náà kò ní yé ẹ. Wàá padà sẹ́yìn. Mo rí wọn tí wọ́n ń sáré padà sẹ́yìn. Ìrìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá di ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, agogo ló sì lé wa kúrò. Ọmọ kan dúró ti patanmọ́, ó ka dé 400, kò tíì là, ó kọ̀ láti bá wa lọ.

Kùdìẹ̀-kudiẹ ibẹ̀: ẹni tó bá gba òdì kejì wọlé, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú. Mo ya ọfà sílẹ̀ lórí òkúta, mo fi ẹ̀gún dí ẹnu ọ̀nà kejì.

8. Òbí kan

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje, bàbá ọmọ kan wá, ojú rẹ̀ le. Ó ní ọmọ òun délé ó ń sọ̀rọ̀ akòko àti àbámọdá, ṣé ògùn la ń kọ́ wọn ní ilé-ìwé? Mo mú un rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Níwájú akòko, ó ní ìgbà tí wọ́n fi bàbá òun joyè lòun rí i lórí wọn. Níwájú ẹ̀ga, ó dúró pẹ́ díẹ̀. Kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń bá wa rìn, ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi akòko, ó máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn.

9. Agbọ́n

Èyí ni mi ò rò tẹ́lẹ̀ rárá. Àlàfo tó wà láàárín páànù méjì, ibi tó ṣókùnkùn tí òjò kì í dé: ilé ọ̀fẹ́ ni fún agbọ́n. Oṣù Kẹsàn-án, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìsinmi, ọmọ kan ṣí ìlẹ̀kùn ìyeyè, agbọ́n ta á lójú àti létí. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, ojú wú fún ọjọ́ méjì, àwọn òbí rẹ̀ ṣe mí jẹ́jẹ́ ju bó ṣe tọ́ sí mi lọ. Mo ti ọ̀nà pa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lálẹ́, Bàbá fi èéfín lé wọn, wọ́n gé ilé náà bọ́ sílẹ̀. Nísinsìnyí, ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí àwọn ọmọ tó dé, wọ́n á fi ọ̀pá gígùn ṣí mẹ́jọ nínú ìlẹ̀kùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo tún gé etí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé. Agbọ́n kò fẹ́ràn ibi tó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan péré la tún bá wọn níbẹ̀.

Owó gbogbo iṣẹ́ náà: ₦23,640. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fún mi ní ₦5,000 nínú rẹ̀, àpò mi ló gbé ₦18,640 tó kù. Bí mo bá ti fi páànù onílẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ₦9,040 ni ì bá ná mi. Ẹ ka àlàyé ìpele 5 àti 7 dáadáa, kí ẹ fò 3 àti 4.

Ìlẹ̀kùn kan wà tí a kì í ṣí mọ́, ti àbámọdá. Agbọ́n oríṣi mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó máa ń dá gbé, tó ń fi amọ̀ kọ́lé bíi fèrè kékeré. Bàbá ní eléyìí kì í wá ìjà ènìyàn. Aláǹtakùn ló ń mú, ó ń ta á kó lè rọ, ó ń tì í mọ́ inú amọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Mo kọ "Má ṣí" sí i, mo fi òkúta fa ìlà sílẹ̀ ní mítà méjì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń pọ̀ jù báyìí lákòókò ìsinmi ráńpẹ́, wọ́n jókòó sẹ́yìn ìlà, ẹnu wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin tó bi mí nípa ọ́ìlì nígbà náà ní ìwé kan tó fi ń ṣe ìṣirò iye ìgbà tí agbọ́n náà gbé amọ̀ wá. Lánàá, ó fi hàn mí: ìlà mẹ́rìnlá, tò tò tò. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Ó ní agogo ti lù, òun ò mọ̀ bóyá ó padà wá.